Bí Ọmọ Yín Bá Ní Òun Fẹ́ Máa Ṣe Géèmù Ọmọdé: Ohun Tó Yẹ Kí Òbí Mùsùlùmí Mọ̀

Bí ọmọ bá ní òun fẹ́ di dókítà, lọ́yà tàbí ẹnjiníà, ọ̀pọ̀ òbí ló mọ ohun tí wọn yóò sọ. Àdúà ni wọn yóò kọ́kọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tó ń kọ́ díṣáìnì ní yunifásítì tàbí ní poli bá wálé lásìkò ìsinmi, tó ní òun ti mọ iṣẹ́ tí òun fẹ́ ṣe, pé géèmù àti ohun ìṣeré ọmọdé ni òun fẹ́ máa ṣe, ilé á dákẹ́ lọ. Bàbá á wo ìyá, ìyá á wo bàbá. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e kì í sábà ju mẹ́ta lọ: Ṣé iṣẹ́ lèyí? Ṣé ẹ̀sìn gbà á? Ṣé ó lè fi gbọ́ bùkátà ilé lọ́la?

Ìbéèrè gidi ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì yẹ kí ọmọ náà bínú sí wọn. Owó ilé ìwé kì í ṣe owó kékeré, ẹni tó ń san án sì ní ẹ̀tọ́ láti mọ ibi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n kò dára kí á dáhùn kí á tó mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣàlàyé ìdúró ẹ̀sìn lórí ohun ìṣeré ọmọdé, bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, ewu tó wà níbẹ̀, ibi tí owó ti ń wọlé, àti ohun tó yẹ kí òbí bi ọmọ rẹ̀ kó tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Àwọn sàábé ṣe ohun ìṣeré fún ọmọ wọn

Nínú hádíìsì tó wà nínú ìwé Bukhari àti Muslim, sàábé obìnrin kan tó ń jẹ́ Rubayyi' ọmọ Mu'awwidh (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) ròyìn bí àwọn ará Mọ̀dínà ṣe ń gba ààwẹ̀ Áṣúrà. Ó ní àwọn máa ń mú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ gba ààwẹ̀ náà pẹ̀lú àwọn, àwọn a sì fi irun àgùntàn ṣe ohun ìṣeré fún wọn. Bí ọmọ kan bá ń sunkún nítorí oúnjẹ, wọn a gbé ohun ìṣeré náà fún un títí àsìkò ìṣínu á fi tó.

Ẹ wo ohun tí àwọn ìyá wọ̀nyẹn ṣe dáadáa. Wọ́n mọ ìṣòro tí wọ́n fẹ́ yanjú: ebi ń pa ọmọ, oòrùn kò sì tíì wọ̀. Wọ́n mọ ọjọ́ orí ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún. Wọ́n lo ohun tó wà nítòsí, tó rọ̀, tí kò lè ṣe ọmọ léṣe. Wọ́n sì fi eré ti ìjọsìn lẹ́yìn, wọn kò fi dí i lọ́wọ́. Mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ohun mẹ́rin yìí ni olùkọ́ díṣáìnì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lónìí. Ẹ̀kẹrin ni tiwa, ọwọ́ òbí àti àáfáà ni ọmọ yóò ti kọ́ ọ.

Ìyá wa Áíṣà (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) náà ròyìn pé òun máa ń fi bèbí ṣeré pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ òun nínú ilé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Bí Ànábì bá wọlé, àwọn ọmọbìnrin náà a sá pamọ́, Ànábì a sì ní kí wọ́n padà lọ bá a ṣeré. Nínú èyí tí Abu Dawud gbà wá, Ànábì rí ẹṣin kan láàárín àwọn bèbí náà tí wọ́n fi àkísà ṣe ìyẹ́ méjì sí lára. Ó béèrè bóyá ẹṣin a máa ní ìyẹ́. Áíṣà dá a lóhùn pé ṣebí ẹṣin Ànábì Sulaimọ́n ní ìyẹ́. Ẹ̀rín pa Ànábì títí tí eyín inú lọ́hùn-ún fi hàn.

Látinú èyí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti mú un pé bèbí àti ohun ìṣeré ọmọdé yàtọ̀ sí ère tí ẹ̀sìn kọ̀. Àwọn onímọ̀ kan wà tí wọ́n ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ní kí ojú, imú àti ẹnu rẹ̀ má ṣe pé pérépéré. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ jókòó ti àáfáà tí ẹ̀kọ́ yé, kó mọ ibi tí òun dúró sí kó tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà. Kò yẹ kó jẹ́ ọjọ́ tí ọ̀gá bá ní kó ya àwòrán ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá fátúwà kiri.

Ààlà tí kò ṣeé rékọjá

Ohun tí kò sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀ ni tẹ́tẹ́. Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, nínú Súrátùl Máídà, áyà 90 àti 91, ka tẹ́tẹ́ mọ́ ọtí àti ìbọ̀rìṣà. Ó sì sọ ìdí rẹ̀: tẹ́tẹ́ a máa dá ọ̀tá sílẹ̀ láàárín ènìyàn, a sì máa dí wọn lọ́wọ́ ìrántí Ọlọ́hun àti ìrun kíkí. Nínú ìwé Muslim, ìkìlọ̀ líle tún wà lórí eré nardi, èyí tí wọ́n ń fi dáìsì ta. Èyí ló fà á tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi kọ eré tó bá dá lórí dáìsì, bí owó kò tilẹ̀ sí níbẹ̀.

Ẹni tó mọ díṣáìnì kò ní ka èyí sí ìdènà. Ayò ọlọ́pọ́n tí àwọn baba wa ń ta kò ní dáìsì. Ihò 12 ni, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà, tó ti rí ọwọ́ tí ẹnì kejì fẹ́ gbé kó tó gbé e, òun ló máa ń pa. Ọgbọ́n orí àti sùúrù ni wọ́n ń fi ta á, ọmọdé tó ń ta á sì ń kọ́ ìṣirò láìmọ̀. Bojúbojú, sùwé, òkòtó àti àrìn, kò sí èyí tó nílò dáìsì nínú wọn. Ọmọ Yorùbá tó fẹ́ ṣe eré tó dùn kò ní láti lọ jìnnà kó tó rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ni ẹni tó ń ṣe géèmù ń ṣe gan-an?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ṣe ni ẹni tó ń ṣe géèmù ń gbá géèmù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi eré kan ṣàpẹẹrẹ. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ ṣe káàdì tí ọmọ ọdún mẹ́fà yóò fi mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àlùwàlá létòlétò. Káàdì kan fún fífọ ọwọ́, òmíràn fún fífi omi yọ ẹnu, fífín omi sí imú, fífọ ojú, fífọ apá dé ìgúnpá, fífi omi pa orí àti etí, àti fífọ ẹsẹ̀ dé kókósẹ̀. Wọn yóò da káàdì náà rú, ọmọ yóò sì tò ó padà bó ṣe yẹ. Létí, ó dà bí iṣẹ́ ọ̀sán kan. Ṣùgbọ́n ó lè gba oṣù bíi mélòó kan.

Wíwo ló kọ́kọ́ ń ṣe. Yóò lọ jókòó sí ilé kéwú, yóò wo bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣe àlùwàlá àti ibi tí wọ́n ti máa ń gbàgbé. Yóò wo ọwọ́ wọn, nítorí káàdì tó bá ọwọ́ àgbà mu lè tóbi ju ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Kò gbọdọ̀ ya fọ́tò ọmọ kankan láìgba àṣẹ lọ́wọ́ òbí àti olùkọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, yóò fi ohun tí kò wọ́n ṣe é. Páálí bísíkíìtì, síṣọ́ọ̀sì àti bírò ti tó. Kò sí ọlọgbọ́n tó ń tẹ káàdì ẹgbẹ̀rún kan kó tó mọ̀ bóyá ọ̀kan wúlò.

Nígbà náà ni yóò gbé e fún àwọn ọmọ, tí yóò sì pa ẹnu mọ́. Ibí yìí ló le jù. Ẹni tó ṣe eré máa ń fẹ́ ṣàlàyé, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí wọ́n ra eré náà fún ní Ìlọrin tàbí Ìjẹ̀bú-Òde kò ní rí i pè kó wá ṣàlàyé. Bí ọmọ mẹ́ta bá fi káàdì apá síbi tó yẹ kí ti ọwọ́ wà, àwòrán náà ló ní àbùkù, kì í ṣe àwọn ọmọ. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò padà lọ tún un yà, yóò sì tún gbé e wá. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹni tí kò bá lè gbà pé iṣẹ́ òun kò tíì dára kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Àwọn ìpinnu kan tún wà tí ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí lè má ronú kàn. Bó bá ya ọwọ́, apá àti ẹsẹ̀ nìkan, tó sì ya àtẹ́lẹwọ́ méjì tó bu omi fún fífọ ojú, kò ní nílò láti ya ojú ẹnikẹ́ni. Òbí tó ń ṣọ́ra lórí àwòrán náà á lè rà á láìṣiyèméjì. Bó bá sì kọ áyà Kùránì tàbí orúkọ Ọlọ́hun sára káàdì, ẹ jẹ́ kí á rántí ibi tí káàdì ọmọdé máa ń dé. Yóò bọ́ sílẹ̀, wọn yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọn yóò gbé e wọ ilé ìwẹ̀, àbúrò á sì kì í bọ ẹnu. Ohun tó yẹ ni kí àdúà wà lẹ́nu olùkọ́ tàbí òbí tó ń bá wọn ṣeré, kí káàdì gbé àwòrán nìkan.

Géèmù orí fóònù náà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí, àfi pé ó máa ń gba ọ̀pọ̀ ọwọ́. Ẹnì kan ń ronú òfin eré, ẹnì kan ń yàwòrán, ẹnì kan ń mú àwòrán náà rìn, ẹnì kan ń kọ kóòdù, ẹnì kan ń ṣe ohùn, àwọn mìíràn sì ń dán an wò láti rí ibi tó ti bàjẹ́. Ẹni tó kọ́ díṣáìnì lè ṣe ìkan tàbí méjì nínú iṣẹ́ wọ̀nyí, kò pọn dandan kó mọ gbogbo rẹ̀. Bí ohùn orin bá jẹ́ ìṣòro fún un, ìró omi, ẹyẹ àti àtẹ́wọ́ wà tó lè lò.

Ààbò ọmọ ṣáájú ẹwà

Ohun ìṣeré tó bá rẹwà tó sì lè pa ọmọ, àìsí rẹ̀ sàn jù. Ìdí nìyí tí a fi ní iṣẹ́ tó gba ìmọ̀ ni. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, wọ́n ní ife kékeré kan tí wọ́n fi ń dán ohun ìṣeré ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta wò. Ẹnu ife náà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3.17. Ohunkóhun tó bá wọ inú rẹ̀ tán pátápátá lè há ọmọ lọ́fun, kò sì gbọdọ̀ wà lára ohun ìṣeré ọmọ tó kéré bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnì tí wọ́n fi ṣe ojú bèbí, táyà ọkọ̀ kékeré tó ń yọ, àti ọmọ ayò pàápàá, gbogbo wọn ló yẹ kí á fi ojú yìí wò.

Bátìrì pẹlẹbẹ tó dà bíi bọ́tìnì tún léwu ju ìyẹn lọ. Bí ọmọ bá gbé e mì tó sì há sí ọ̀nà ọ̀fun, ó lè jó o nínú láàárín wákàtí méjì péré. Ohun ìṣeré tó bá ń lo irú bátìrì yìí gbọ́dọ̀ ní ìdérí tí wọ́n fi ìdè onírin dè, tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tú. Mágínẹ́ẹ̀tì kékeré náà ńkọ́? Bí ọmọ bá gbé méjì mì, wọ́n lè fa ara wọn mọ́ra nínú ìfun, kí wọ́n sì lu ìfun náà.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà tún wà. Òjé tó bá wà nínú ọ̀dà a máa wọ ara ọmọ tó bá ń fi ohun ìṣeré sẹ́nu, a sì máa ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2007, ilé iṣẹ́ Mattel ti Amẹ́ríkà ní láti kó ohun ìṣeré tó lé ní mílíọ̀nù kan padà nítorí òjé inú ọ̀dà. Àwa náà ní Nàìjíríà kò jẹ́ gbàgbé ohun tí òjé ṣe ní Zamfara ní ọdún 2010. Lóòótọ́, ibi ìwakùsà góòlù ni tiwọn ti wá, kì í ṣe ohun ìṣeré, ṣùgbọ́n ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ló bá a lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbẹ́ ohun ìṣeré onígi gbọ́dọ̀ bi ẹni tó ń ta ọ̀dà fún un pé kí ló wà nínú rẹ̀. Bí kò bá rí ìdáhùn, kó fi igi náà sílẹ̀ láìkùn ún, kó kàn fi sáńpépà dán an.

Ní orílẹ̀-èdè wa, àjọ SON ló ń bójú tó ìwọ̀n ìdárasí ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ ta ohun ìṣeré gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà ọ́fíìsì wọn kí ọjà rẹ̀ tó pọ̀. Àmáánà ni ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe ohun tí yóò máa fi ṣeré.

Ìdẹkùn inú géèmù orí fóònù

Ohun tó yẹ kí òbí Mùsùlùmí bẹ̀rù nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe eré fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn kan ń gbà fi eré pawó ni. Àwọn géèmù kan wà tí wọ́n ń ta àpótí aláìmọ̀ fún ọmọ: yóò fi owó gidi rà á, kò sì ní mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àfi tó bá ṣí i. Bó bá burú, yóò tún òmíràn rà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tẹ́tẹ́ rí. Àjọ tó ń ṣàkóso tẹ́tẹ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù sọ ọ́ ní ọdún 2018 pé irú àpótí bẹ́ẹ̀ nínú àwọn géèmù kan tako òfin tẹ́tẹ́ wọn. Bí àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí bá rí i bẹ́ẹ̀, ọmọ wa kò gbọdọ̀ jókòó kó máa ya àwòrán àpótí náà fún owó oṣù.

Ọ̀rọ̀ àsìkò tún wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, dámọ̀ràn ní ọdún 2019 pé kí ọmọ ọdún kan má máa jókòó wo ojú ẹ̀rọ rárá, àti pé kí ti ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, bó bá sì dín sí i, ó sàn. Ṣùgbọ́n àwọn géèmù kan wà tí wọ́n ṣe kó má ṣe é dá dúró. Ọmọ á ní òun fẹ́ parí èyí tó kù, kò sì ní parí títí tí wọn yóò fi kírun Mágáríbì tán ní mọ́sáláṣí. Ẹni tó ṣe géèmù ló yàn kó rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè yàn kó má rí bẹ́ẹ̀. Ó lè pín eré sí ìpele kéékèèké tó ń parí ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kó jẹ́ kí eré pa ara rẹ̀ mọ́ síbi tí ọmọ bá a dé, kó má sì fìyà jẹ ọmọ tó bá dìde lọ kírun.

Ẹ̀kẹta ni àṣírí. Géèmù lè máa gba orúkọ ọmọ, ibi tó wà àti ohùn rẹ̀ pamọ́. Òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní COPPA, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1998, ní kí wọ́n gba àṣẹ òbí kí wọ́n tó gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13. Nàìjíríà náà ti ní òfin tó ń dáàbò bo ìwífún ènìyàn láti ọdún 2023. Èyí tó rọrùn jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ni kó má gba ohunkóhun lọ́wọ́ ọmọ rárá. Eré káàdì àlùwàlá kò nílò láti mọ àdírẹ́sì ẹnikẹ́ni.

Ṣé ó lè fi gbọ́ bùkátà?

A kò ní tan yín jẹ. Kì í ṣe iṣẹ́ tí ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ lónìí kó ra ọkọ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ti fi ń jẹun fún ìgbà pípẹ́ ni. Ole Kirk Christiansen, káfíńtà kan ní ìlú Billund ní Dẹ́nmáàkì, bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi ṣe ohun ìṣeré ní ọdún 1932 nígbà tí ọjà kò lọ déédéé. Orúkọ tó fún ilé iṣẹ́ rẹ̀, Lego, wá láti inú ọ̀rọ̀ èdè wọn tó túmọ̀ sí pé ká ṣeré dáadáa. Búlọ́ọ̀kù oníke tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, ọdún 1958 ni wọ́n gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ogún ọdún ó lé ló wà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ àti ìgbà náà.

Ní ilé wa níbí, ọ̀gbẹ́ni Taofick Okoya rí i pé bèbí tó jọ ọmọ adúláwọ̀ kò sí lọ́jà, ó sì dá Queens of Africa sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2007. Ó ṣe bèbí tó dúró fún Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò: Wúràọlá, Azeezah àti Nneka. Ní ti géèmù orí fóònù, Maliyo Games ti wà ní Èkó láti ọdún 2012. Nígbà tí fíìmù ọmọdé tó ń jẹ́ Iwájú jáde ní ọdún 2024, ilé iṣẹ́ Disney gbé géèmù tó bá a rìn fún Maliyo láti ṣe. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ló ṣe é.

Yàtọ̀ sí àwọn ilé iṣẹ́ géèmù, àwọn tó ń tẹ ìwé ọmọdé nílò ẹni tó mọ bí ojú ìwé ṣe ń fa ọmọ mọ́ra. Àwọn ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi nílò ohun ìkọ́ni. Àwọn ilé kéwú náà nílò rẹ̀, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn kò tíì mọ̀ pé ó wà. Àwọn ẹbí wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ń wá ohun tí ọmọ wọn yóò fi kọ́ Yorùbá àti ẹ̀sìn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó ń pa ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lára ni owó ìbẹ̀rẹ̀. Móòdù tí wọ́n fi ń yọ ohun ìṣeré oníke wọ́n gan-an, kò sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ yá owó lórí rẹ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ láti orí bébà, igi àti aṣọ. Àwọn atẹ̀wé pọ̀ ní Ṣómólú, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wà ní gbogbo ìlú, àjákù aṣọ sì wà lọ́dọ̀ gbogbo télọ̀. Ní ti fóònù, dọ́là 25 ni Google ń gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ènìyàn tó lè gbé géèmù sórí Play Store. Apple ń gba dọ́là 99 lọ́dọọdún, nítorí náà ìyẹn lè dúró.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe kó tó jáde

Kò sí ọ̀ranyàn pé kó lọ sókè òkun. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ díṣáìnì ilé iṣẹ́ wà ní FUTA ní Àkúrẹ́ àti ní Ahmadu Bello ní Zaria. Iṣẹ́ ọnà wà ní Yunifásítì Obafemi Awolowo ní Ifẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà, díṣáìnì àti ìtẹ̀wé wà ní Yaba Tech ní Èkó. Púpọ̀ nínú wọn kò ní kọ́ ọ ní géèmù ní tààrà, ṣùgbọ́n wọn yóò kọ́ ọ ní àwòrán, àwọ̀, ìwọ̀n àti bí wọ́n ṣe ń mọ nǹkan jáde. Èyí tó kù, yóò fúnra rẹ̀ wá a.

Kó má ra sọ́fítíwià olówó ńlá. Blender fún àwòrán onígun mẹ́ta, Krita àti Inkscape fún yíyàwòrán, àti Godot fún ṣíṣe géèmù, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Scratch tí wọ́n ṣe ní MIT, tó jáde ní ọdún 2007, náà ọ̀fẹ́ ni, ọmọ ọdún mẹ́jọ lè fi kọ́ bí géèmù ṣe ń ṣiṣẹ́. Kó má sì lo ẹ̀dà jíjí. Kó má ya àwòrán olókìkí tí ẹlòmíràn ni, kó sì máa tà á. Òfin ẹ̀tọ́ òǹṣẹ̀dá ilẹ̀ wa ti ọdún 2022 kọ̀ ọ́, ẹ̀sìn sì ti kọ olè jíjà tipẹ́.

Lásìkò ìdánrawò iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní IT, kó má kàn lọ síbi tí wọn yóò ti máa rán an ra oúnjẹ. Kó wá ilé ìtẹ̀wé, ilé iṣẹ́ géèmù tàbí ilé ìwé ọmọdé. Bó bá sì di àsìkò IVC tí MSSN máa ń ṣe, kó bẹ àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe eré fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ibẹ̀. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, yóò rí ohun tí ìwé ọdún kan kò lè fi hàn án. Kí ó máa kó gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ jọ, títí kan èyí tó bàjẹ́ àti bó ṣe tún un ṣe, nítorí ohun tí agbanisíṣẹ́ máa ń fẹ́ rí nìyẹn.

Ìbéèrè márùn-ún tí òbí lè bi ọmọ

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi ìbínú dá ọmọ lóhùn, ẹ má sì fi ìfẹ́ gbà á láìwádìí. Ẹ pè é jókòó, kí ẹ bi í ní ohun márùn-ún yìí:

1. Ọmọ ọdún mélòó lo fẹ́ máa ṣe é fún, kí lo sì mọ̀ nípa wọn? Bó bá ní gbogbo ọmọdé ni, kò tíì ronú.
2. Fi ọ̀kan tí o ti ṣe hàn wá. Páálí ni o, bébà ni o, kò burú. Ẹni tí kò tíì ṣe nǹkan kan lẹ́yìn ọdún méjì ní ilé ìwé, ó lè jẹ́ pé gbígbá géèmù ló fẹ́ràn.
3. Ọmọ mélòó ló ti fi ṣeré, kí lo sì yí padà lẹ́yìn tí o wò wọ́n?
4. Irú iṣẹ́ wo ni o kò ní gbà, bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó? Bó bá dárúkọ tẹ́tẹ́, ìhòòhò àti ohun tó lè ṣe ọmọ léṣe kí ẹ tó sọ ọ́ fún un, ẹ dúpẹ́ fún Ọlọ́hun.
5. Kí lo máa fi jẹun ní ọdún méjì àkọ́kọ́? Ìdáhùn tó dára ni pé òun yóò máa ṣe iṣẹ́ díṣáìnì mìíràn mọ́ ọn, bíi ìwé, páálí ọjà tàbí àmì ilé iṣẹ́.

Bí ìdáhùn rẹ̀ bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ fún un láyè, kí ẹ sì dá àsìkò tí ẹ ó tún jọ wò ó. Bí kò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ má lé e, ẹ ní kó lọ ṣe eré kan wá fún àwọn ọmọ ilé kéwú àdúgbò kí ìsinmi tó parí. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ yóò sọ fún un bóyá tirẹ̀ ni.

Lójoojúmọ́ ni àwọn ọmọ wa ń di ohun kan mú ní ọwọ́, tí wọ́n ń fi ṣeré, tó sì ń kọ́ wọn ní ohun tó dára àti èyí tí kò dára. Ẹnì kan jókòó síbìkan, ó ronú, ó sì ṣe é. Bí àwa Mùsùlùmí bá lé gbogbo ọmọ tó ní ọgbọ́n iṣẹ́ yìí kúrò níbẹ̀, ohun tí ẹlòmíràn bá ṣe ni àwọn ọmọ ọmọ wa yóò máa fi ṣeré, a kò sì ní ní ẹnu láti ráhùn.

Kí Ọlọ́hun fi àwọn ọmọ wa ṣe ìtutù ojú fún wa, kó fi iṣẹ́ halal tó ní bùkátà nínú ké wọn, kó sì jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wọn jẹ́ àǹfààní fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí àti fún gbogbo ọmọdé. Àmín.